Ọmọ Ọlọ́jà Náà Lè Ṣe Ìwádìí Ìṣègùn

 

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Lomé. Kí ọmọ tó gboyè dókítà, ìdánwò nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀sì, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti máa ń ba ìyá míì. Á ní: "Háà, àwa ò mọ ẹnì kankan. Ọmọ olówó ló ń rí irú àǹfààní yẹn, tàbí ẹni tó lẹ́bí ní Faransé."

Ìyá, ẹ mọ ọ̀nà ẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ fún yín ní àǹkárá láwìn? Ẹni tó ti rí i pé ẹ̀ ń sanwó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí. Àwọn olùkọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù Sylvanus Olympio ní Tokoin, àti ní CHU Campus, níṣẹ́ tó pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ: fáìlì tí wọ́n fẹ́ kà, aláìsàn tí wọ́n fẹ́ bi léèrè, èsì tí wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Torí náà, ẹ sọ fọ́mọ yín kó má dúró di ọdún tó kẹ́yìn. Kó kọ́kọ́ bi àwọn ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pé olùkọ́ wo ló ń ní sùúrù fún akẹ́kọ̀ọ́. Kó wá lọ kí olùkọ́ náà, kó sì mú ìbéèrè kan dání. Kó má kàn sọ pé, "Mo fẹ́ ṣe ìwádìí." Kó sọ pé, "Ọ̀gá, mo rí i pé àwọn aboyún kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá sọ́sibítù. Ṣé mo lè bá yín wá ìdí ẹ̀?" Bí wọ́n bá fún un níṣẹ́ kékeré, kó jíṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá. Ẹni tó bá jíṣẹ́ kékeré ni wọ́n máa ń pè sí ńlá. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni kó bá ọmọ kọ tẹ́ẹ̀sì. Aláìsàn ló máa jìyà ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni ìmọ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Òṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè nílé wọn ní Ìdìkàn, nílùú Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn tó máa ń mú kí àgbàlagbà gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀. Òṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì, ò jẹ́ kíṣẹ́ náà kú. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ó hàn pé bí àìsàn náà ṣe ń mú àwọn Yorùbá tuntun lọ́dọọdún kò tó ìdajì bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Gbogbo ayé ló gbọ́. Àwọn ìyá àti bàbá tó ṣílẹ̀kùn ní Ìdìkàn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Níbí náà, ní 2017, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Tógò ti ṣẹ́gun jàbùtẹ̀, òun làkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Òru ni kòkòrò àrùn yẹn máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, torí náà àwọn èèyàn gbà kí wọ́n gbẹ̀jẹ̀ wọn lóru.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bá yín nídìí ọjà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ọmọ ẹnì kan ni. Ẹ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í: Ta lolùkọ́ ẹ? Kí lo fẹ́ fi ìdáhùn mi ṣe? Ṣé orúkọ mi máa hàn? Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbà, ẹ bi í bóyá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lára wọn ti fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá, ìyẹn ò sì gbọ́dọ̀ dí ìtọ́jú yín lọ́wọ́. Kò sì yẹ kẹ́ ẹ san kọ́bọ̀.

Béèyàn ṣe tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á tọ́jú tiẹ̀.