Oyè Yunifásítì àti Tíṣà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ohun tí olóòtú ètò yìí ní kí n fi ṣí ìjíròrò alẹ́ òní ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti gba oyè ní yunifásítì, tí ó tún padà lọ jókòó sẹ́nu ẹ̀kọ́ nítorí pé ó fẹ́ di ojúlówó tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wí bí wọ́n bá gbọ́ irú èyí. Wọn a ní, "Ṣé nítorí A, B, D náà ni ènìyàn ṣe ń gba oyè lé oyè?" Bàbá kan tilẹ̀ bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè lójú mi pé ṣé owó tí òun ná sórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ti bómi lọ ni. N kò dá bàbá náà lẹ́bi. Ìtàn iṣẹ́ tíṣà ní ilẹ̀ wa ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, tí Wesley College sì tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn ní ọdún 1905, ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Òun ni ń kọ́ ọmọ, òun ni ń ka lẹ́tà fún àgbà, òun náà ni ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọn kò tó 460,000 ní ọdún tí ó ṣáájú di ẹni tí ó lé ní 810,000. Iṣẹ́ ńlá ni, púpọ̀ nínú wa ni a sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni tíṣà yóò ti yọ lójijì? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá ni a kó wọ inú kíláàsì. Wọ́n gbìyànjú, n kò ní bú wọn. Bí ó ti wù kí ó rí, láti ìgbà náà ni èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn wa pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ̀wé díẹ̀ lè kọ́ ọmọ kékeré. A lo tíṣà gíréèdì tirí, a lo gíréèdì tuu, títí ó fi di ọdún 1998 tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fi ìwé-ẹ̀rí NCE ṣe òṣùwọ̀n tí ó kéré jù lọ fún ẹni tí yóò bá kọ́ni.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ó jẹ́ ara iṣẹ́ mi láti máa lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dánra wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì karùn-ún. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń kọ́ wọn ti gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, oyè tí ó dára ni pẹ̀lú. Ó kọ 4 ÷ ½ sí ojú pátákó. Ó ní, "Ẹ yí ìdá náà dorí kodò, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí 8. Ni ọmọkùnrin kékeré kan bá nàwọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, bí a bá pín nǹkan, ṣé kì í kéré sí i ni? Báwo ni mẹ́rin ṣe wá di mẹ́jọ?"

Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Àǹtí wo pátákó, ó wo ọmọ náà, ó wo èmi náà. Ó ní, "Bí òfin rẹ̀ ṣe wí nìyẹn. Jókòó."

Nígbà tí a jáde síta, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní òun lè ṣe ìṣirò tí yóò kún ojú pátákó méjì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sí ẹni tí ó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí, òun náà kò sì bi ara òun. Mo ní kí ó má sunkún, kí ó lọ rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ọsàn mẹ́rin àti ọ̀bẹ wá. Ó ní, "Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò bá gba ààbọ̀ ọsàn, ènìyàn mélòó ni ọsàn mẹ́rin yìí yóò kárí?" Ó gé wọn níṣojú wọn, ó sì pín in. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó gbà. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ni ó kọ́kọ́ pariwo pé, "Áà! Ààbọ̀ mélòó ni ó wà nínú mẹ́rin ni wọ́n ń bèèrè!"

Ẹ̀yin ará, ohun tí oyè àkọ́kọ́ kò fún ọ̀dọ́bìnrin yìí nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Kì í sì ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ọ̀nà tí ìṣirò ń gbà wọ orí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni kò tíì mọ̀, ìmọ̀ ọ̀tọ̀ sì ni. Ìmọ̀ náà ni a ń wá lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni PGDE. Ẹni tí ó bá ti ní oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ mìíràn ni ń gbà á, yálà ìtàn ni ó kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún kan ni fún ẹni tí ó bá gbájú mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè fi bí ọdún méjì kà á. Yóò kọ́ nípa bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, bí a ṣe ń gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀, bí a ṣe ń dán ọmọ wò. Yóò ṣe ìwádìí, yóò sì lọ dánra wò ní kíláàsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jìn sí i a tẹ̀ síwájú lọ gba oyè kejì, M.Ed. Àjọ TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ni ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2017 ni wọ́n sì ti ní ìdánwò tiwọn tí ènìyàn yóò yege kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n ti sọ oyè kejì di dandan fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1979. A kò tíì dé ibẹ̀, n kò sì sọ pé kí a fò débẹ̀ lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé iṣẹ́ ọmọ kékeré kò tó ohun tí ọ̀mọ̀wé ń dá sí, kí ó rántí Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn tí ń kọ́ni ní yunifásítì jókòó ti ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kékeré, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, àwọn àgbà wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba PGDE nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń wá kò bọ́ sí i. Wọn a há ìwé sórí, wọn a kọ ìdánwò, wọn a sì máa ka ọjọ́ tí wọn yóò fi kúrò. Mo ti rí lára wọn tí ọmọ yí lọ́kàn padà, tí wọ́n sì di tíṣà gidi, nítorí náà n kì í yára lé wọn. Ẹni tí ó ń dùn mí jù ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, tí ó gba M.Ed., tí ìgbéga sì gbé e jókòó sí ọ́fíìsì ní kíá. Ìmọ̀ tí ó gbà nítorí ọmọ wá di ìmọ̀ tí ó ń fi tẹ fáìlì. Òun kọ́ ni ó fa á. Bí a ṣe to ìpele owó oṣù ni kò jẹ́ kí ó rí iyì kankan níwájú pátákó. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti ọdún 60 sí 65, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò mú un lò fún àwọn tíṣà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba PGDE ní ẹni ọgbọ̀n ọdún lè ní ọdún márùndínlógójì níwájú. Ọdún mélòó nínú rẹ̀ ni ọmọ kíláàsì karùn-ún yóò rí i?

Ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́sàn ṣì wà ní kíláàsì ní ìgbà tí a ríra kẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti fi ipò kan lọ òun ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, owó rẹ̀ sì ju ti ìsinsìnyí lọ. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn. N kò tíì fún un lésì. Olóòtú, ẹ̀yin àti àwọn àgbà tí ẹ jókòó tì mí yìí, kí ni kí n sọ fún un?