Ẹ̀rọ Àjèjì, Omi Ìlú: Ohun Tí Owó Lè Rà àti Ohun Tí Ìlú Gbọ́dọ̀ Kọ́ Fúnra Rẹ̀

Ìfáárà

Gbogbo ìlú tí èrò inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni ó ní iṣẹ́ méjì láti ṣe lórí omi. Èkínní ni pé kí ó fa omi wá láti inú odò tàbí láti abẹ́ ilẹ̀, kí ó sọ ọ́ di mímọ́, kí ó sì pín in dé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ìjọba máa ń gbójú fò, ni pé kí ó kó omi ẹ̀gbin, ìyẹn omi tí a ti fi wẹ̀, tí a ti fi fọṣọ, tí a sì ti fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kúrò láàrin àdúgbò, kí ó sì yọ ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ kúrò kí ó tó dá a padà sínú odò. Odò tí ìlú kan ń da ẹ̀gbin sí ni ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ ti ń bu omi mu, nítorí náà ìlú tó bá ṣe èkínní tí kò ṣe èkejì ń pèsè omi pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì pèsè àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun.

Ó ti lé ní 100 ọdún tí iṣẹ́ méjèèjì yìí ti di òwò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ ṣe ní òmíràn. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìlú tó bá ti ní ìmọ̀ omi tirẹ̀, ìwé ìṣirò tirẹ̀ àti ojú tí ó fi ń ṣọ́ omi rẹ̀ kí àjèjì tó dé ni ẹ̀rọ àjèjì máa ń ṣe láǹfààní. Ìlú tó bá sì ń retí pé kí àjèjì kó àwọn nǹkan wọ̀nyí bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, owó ni yóò ná, omi kò ní dé. Windhoek ní Nàmíbíà, Dar es Salaam ní Tànsáníà àti Phnom Penh ní Kàm̀bódíà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a tó yíjú sí Èkó.

Àwọn tó ń tà, àti ohun tí wọ́n ń tà

Ilẹ̀ Faransé ni méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù nínú òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1853 ni wọ́n dá Compagnie Générale des Eaux sílẹ̀, tí ìlú Lyon sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ni a mọ̀ sí Veolia lónìí. Lyonnaise des Eaux tẹ̀ lé e ní 1880, ó padà di apá kan Suez, Veolia sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú Suez ní 2022. Wabag bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, ṣùgbọ́n Chennai ní Íńdíà ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí, nígbà tí Biwater jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmọ̀ tí wọ́n ń tà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ awo. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, òun náà ni wọ́n ń lò nínú ilé-iṣẹ́ omi ńlá. Asẹ́ oníyanrìn, tí ó ń gba ìdọ̀tí dúró bí omi ti ń sun gba inú iyanrìn kọjá, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1829, nígbà tí James Simpson kọ́ tirẹ̀ ní Chelsea. Ní ti omi ẹ̀gbin, Edward Ardern àti William Lockett fi hàn ní Manchester ní 1914 pé bí a bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan yóò máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, a sì lè fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, tí ó kún fún kòkòrò alààyè wọ̀nyí, ṣiṣẹ́ lórí omi mìíràn. Èyí tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ni awọ asẹ́, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ihò ara rẹ̀ kéré débi pé omi lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n kòkòrò kò lè gbà á.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta ìmọ̀ yìí ni ó ṣòro ju ìmọ̀ náà lọ. Ilé-iṣẹ́ àjèjì lè kọ́ ẹ̀rọ kí ó gba owó rẹ̀ kí ó sì máa lọ. Ó lè kọ́ ọ, kí ó máa darí rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ó tó fi í lé ìlú lọ́wọ́. Ó lè yá ohun èlò ìlú lò, kí ó máa gba owó omi lọ́wọ́ aráàlú, kí ó sì máa san owó ìyálò fún ìjọba. Ó sì lè gba gbogbo ètò omi ìlú sọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ, tí ó fi jẹ́ pé òun ni yóò dáwó, òun ni yóò kọ́ ọ, òun ni yóò sì gba èrè. Bí a bá ti ń ti èkínní lọ sí ìkẹrin ni agbára ń kúrò lọ́wọ́ ìlú, tí àìmọ̀kan ìlú sì túbọ̀ ń náni lówó.

Windhoek: ìlú tó mọ ohun tí ó ń rà

Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, wà ní ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì sí odò nítòsí rẹ̀ tí ó ń ṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Odò Okavango wà ní nǹkan bíi kìlómítà 700 sí i. Ìsédò mẹ́ta tí òjò ń kún àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbára lé, nǹkan wọ̀nyí kò sì tó bí èrò ti ń pọ̀. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ wọn láti South Africa, tí Lucas van Vuuren jẹ́ aṣáájú láàrin wọn, ṣe ohun tí ìlú kankan kò ṣe rí: ní 1968 wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Goreangab, tí ó ń gba omi ẹ̀gbin tí wọ́n ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń tún un wẹ̀ títí yóò fi di omi mímu, tí ó sì ń dà á pọ̀ mọ́ omi tó ń lọ sí ilé àwọn èèyàn.

Ní 2002 ni ilé-iṣẹ́ tuntun, tí ó lè pèsè lítà mílíọ̀nù 21 lójúmọ́, rọ́pò ti àkọ́kọ́. Owó yíyá láti ọ̀dọ̀ báńkì KfW ti Jámánì àti European Investment Bank ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi dídarí rẹ̀ fún ọdún 20 lé WINGOC lọ́wọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Veolia, Wabag àti Berlinwasser International jọ dá sílẹ̀. Níbẹ̀, ósóònù, gáàsì tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe láti ara ọ́síjìn, ń pa kòkòrò, ó sì ń fọ́ ìdọ̀tí tó le sí wẹ́wẹ́. Èédú oníhò tíntìntín ń fa èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ra. Awọ asẹ́ ń gba kòkòrò dúró. Kilorínì ni wọ́n sì ń fi kádìí rẹ̀ kí omi má baà bàjẹ́ nínú páìpù.

Ẹni tó bá wo ẹ̀rọ yìí nìkan lè rò pé àjèjì ló fi omi fún Windhoek. Ṣùgbọ́n ọdún 34 ni ìlú náà ti fi ń sọ omi ẹ̀gbin di omi mímu kí ẹgbẹ́ àjèjì yẹn tó dé, èyí sì túmọ̀ sí pé ó mọ irú ìbéèrè tó yẹ kí ó bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Òun ló pinnu pé omi ẹ̀gbin láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti ilé gbígbé, kí májèlé má baà wọ inú omi tí a fẹ́ mu. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ náà, òun ló sì ń ṣọ́ bí omi inú rẹ̀ ti rí. Omi tí kò bá dé ojú ìwọ̀n tí àdéhùn là sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde sí ìlú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, Windhoek sì ti ní ojú yẹn ṣáájú 2002.

Dar es Salaam: ìlú tí wọ́n ní kí ó fi omi rẹ̀ yálò

Ní Tànsáníà, ètò omi Dar es Salaam ti bàjẹ́ gidigidi nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ: páìpù ń jò, ọ̀pọ̀ àdúgbò kò rí omi, ìwé àwọn oníbàárà kò sì pé. Ìjọba ń wá owó yíyá láti ọ̀dọ̀ Báńkì Àgbáyé àti àwọn ayánilówó mìíràn láti tún un ṣe, fífi ètò náà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni sì wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí wọ́n pe àwọn olùdíje, ẹyọ kan ṣoṣo ló fi ìwé ránṣẹ́: Biwater ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Gauff ti Jámánì. Àwọn méjèèjì àti ilé-iṣẹ́ Tànsáníà kan dá City Water sílẹ̀, tí ó gba iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2003, pẹ̀lú àdéhùn ìyálò ọdún 10.

Àdéhùn náà kò pé ọdún méjì. Owó omi tí City Water rí gbà kéré sí èyí tí ìjọba ń rí gbà tẹ́lẹ̀, ó sì kùnà láti san owó ìyálò bó ti yẹ. Ní oṣù Karùn-ún 2005 ni ìjọba fòpin sí àdéhùn náà, tí ó sì lé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kúrò ní orílẹ̀-èdè. Ẹjọ́ dé iwájú àwọn onídàájọ́ àgbáyé. Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe ní 2008 sọ pé ìjọba rú òfin àdéhùn àárín orílẹ̀-èdè nínú ọ̀nà tí ó gbà lé wọn, ṣùgbọ́n pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní gba owó gbà-má-bínú kankan, nítorí pé òwò náà ti bàjẹ́ kí ìjọba tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀bi wà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ iye oníbàárà tí ó ní, tí kò mọ iye omi tó ń jò dànù, kò lè mọ iye tí ohun tí ó fẹ́ fi yálò tó. Ìlú kò mọ̀ ọ́n, àjèjì náà kò mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè fọ́ láti ọ̀dọ̀ aráàlú pẹ̀lú: ní Cochabamba ní Bòlífíà, níbi tí ẹgbẹ́ kan tí Bechtel ti Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ètò omi fún ọdún 40 ní 1999, owó omi tí wọ́n gbé sókè lójijì mú kí aráàlú ya sí ìgboro, àdéhùn náà sì fọ́ ní oṣù Kẹrin 2000.

Phnom Penh: ìlú tó kọ́kọ́ tún ilé ara rẹ̀ ṣe

Phnom Penh ni ó yẹ kí ìlú tálákà máa wò. Láàrin 1975 sí 1979 ni ìjọba Khmer Rouge lé gbogbo aráàlú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Ek Sonn Chan di olórí àjọ omi ìlú náà ní 1993, nǹkan bíi wákàtí 10 ni omi ń yọ lóòjọ́, nínú gbogbo 100 lítà tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́, 72 ni kò mú owó wá, yálà nítorí jíjò tàbí nítorí olè.

Iṣẹ́ tí Chan kọ́kọ́ ṣe kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ó ka ilé kọ̀ọ̀kan, ó fi mítà sí ojúlé gbogbo, ó yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ta omi lábẹ́lẹ̀, ó ń fún àwọn olóòótọ́ ní ẹ̀bùn, ó sì sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọ̀gágun àti ilé iṣẹ́ ìjọba máa sanwó bíi ti tálákà. Lẹ́yìn èyí ni owó àti ẹ̀rọ láti Japan, ilẹ̀ Faransé, Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Éṣíà wá ríbi dúró sí. Àwọn onímọ̀ láti ìlú Kitakyushu ní Japan sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ agbára omi nínú páìpù láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí yóò fi di 2008, omi ń yọ tọ̀sán-tòru, èyí tó ń ṣègbé nínú 100 lítà sì ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi 6. Àjọ tó ṣe èyí kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba rí nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Èkó àti gbèsè omi ẹ̀gbin

Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀ràn yìí. Ní 1908 ni àwọn ará Èkó ti dìde lòdì sí owó orí omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, tí Dókítà John Randle àti Orísàdípè Ọbásá sì dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lórí rẹ̀. Omi láti ilé-iṣẹ́ omi Ìjú ló kọ́kọ́ dé. Ní 1991 ni ilé-iṣẹ́ Àdìyán, tí wọ́n kọ́ láti máa wẹ gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́ láti inú odò Ògùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti kọ́ ilé-iṣẹ́ iná Akútè fún Ìjú àti Àdìyán lọ́tọ̀. Síbẹ̀, bòhóòlù, omi inú ọ̀rá àti mẹ́ẹ̀ruwà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń gbára lé.

Èyí tó burú jù ni apá kejì iṣẹ́ náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ilé Èkó ni páìpù omi ẹ̀gbin ìlú dé; ihò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń lò, nígbà mìíràn nínú ọgbà kan náà tí bòhóòlù wà, ilẹ̀ Èkó sì jẹ́ iyanrìn tí omi rẹ̀ kò jìnnà sí òkè. Bí ìjọba bá ra ẹ̀rọ ìwẹmi mẹ́wàá láì kó ẹ̀gbin wọ̀nyí, àrùn yóò ṣì máa gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìlú Paris, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé inú òwò yìí fi ṣe ibùjókòó, gba ètò pínpín omi rẹ̀ padà lọ́wọ́ Veolia àti Suez nígbà tí 2010 bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ àjọ ìlú tí wọ́n ń pè ní Eau de Paris. Kò kọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun tí ó gbà padà ni àṣẹ.

Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tó fọwọ́ sí àdéhùn omi pẹ̀lú àjèjì, ó yẹ kí ó ti ya àwòrán gbogbo páìpù tí ó ní, kí ó ti ka oníbàárà rẹ̀, kí ó sì ti fi mítà wọn iye omi tó ń ṣègbé. Ó yẹ kí yàrá àyẹ̀wò omi wà lábẹ́ àwọn fásitì wa, kí ẹni tó ta ẹ̀rọ má baà jẹ́ ẹni tí yóò tún sọ bóyá omi náà mọ́. Ó yẹ kí àdéhùn náà di kíkà ní gbangba, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè Yorùbá, kí ìlànà ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ àti ohun èlò àtúnṣe ọdún púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó sì yẹ kí owó omi ẹ̀gbin wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú owó omi mímu. Ìjọba tí kò bá lè ṣe mẹ́rin wọ̀nyí kò tíì ṣe tán láti ra ẹ̀rọ, aráàlú sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí ó tó fi orúkọ wọn jẹ gbèsè.