Ilé Lórí Àpáta: Bí A Ṣe Lè Dín Kọnkéré Ìpìlẹ̀ Kù

Bí ilẹ̀ ẹlòmíràn bá bọ́ sórí àpáta, ní ìlú bí Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè, yóò fi owó gọbọi fọ́ òkúta láti gbẹ́ kòtò, yóò tún ra sìmẹ́ńtì kún kòtò náà, bí ẹni pé orí ẹrẹ̀ ni ó ń kọ́lé sí.

Kí ni iṣẹ́ ìpìlẹ̀? Kí ó gba ẹrù ilé kí ilé má baà rì ni. Òkúta akọ tí ó fìdí múlẹ̀ kì í rì lábẹ́ ilé alájà kan tàbí méjì. Òun fúnra rẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Kí a mú ilé jókòó lé e dáadáa ni ó kù.

Kí a kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà kúrò, títí òòlù yóò fi máa ta padà lórí àpáta. Bí ó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a gbẹ́ ẹ bí àtẹ̀gùn, kí ẹsẹ̀ ògiri lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má baà yọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó to òkúta gbígbẹ́ lé e, àwọn ńlá nísàlẹ̀, kí ojú ìpàdé ti òkè má ṣe bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn díẹ̀ tó láti so wọ́n pọ̀. Lórí òkè òkúta ní Great Zimbabwe, àwọn baba ńlá àwọn Shona kò tilẹ̀ lo ohun ìsopọ̀ kankan, síbẹ̀ púpọ̀ nínú ògiri wọn ṣì dúró láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ilé pákó ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ilé tí ó fúyẹ́. Kí a lu ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sínú àpáta, kí a fọ ìyẹ̀fun òkúta inú rẹ̀ dànù, kí a ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, kí a sì fi sìmẹ́ńtì dí i pa. Irin náà ni yóò di òpó mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń ba wá lẹ́rù ju gbogbo èyí lọ: ilé tí apá kan rẹ̀ wà lórí àpáta, tí apá kejì wà lórí erùpẹ̀. Apá erùpẹ̀ yóò rì díẹ̀díẹ̀, ti àpáta kò ní mì, ògiri yóò sì là láti igun fèrèsé. Bírìkìlà a rẹ́ ẹ, a kùn ún lọ́dà, yóò tún là. Kí a gbẹ́ apá erùpẹ̀ náà kan àpáta. Bí ó bá jìn jù, kí a pín ilé sí méjì, kí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí òkúta róbótó tàn yín: ó lè jẹ́ pé inú erùpẹ̀ ni ó kàn jókòó sí. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ògiri lé e.

Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ni yóò ṣàn wá bá ògiri yín. Nítorí náà, kí a la ojú àgbàrá sí apá òkè ilé kí a tó gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀.