Oúnjẹ Ẹ̀bá Ọ̀nà l'Ékòó: Kí Ló Kàn Wá Níbẹ̀?

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn l'Ékòó. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni mo mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí lára mẹ̀kúnnù, kó lọ wo ohun tó ń jẹ láàárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ l'Ékòó, ẹ ó rántí àwọn ìyá ẹlẹ́wà Àgànyìn tí wọ́n ń kiri ní kùtùkùtù, ẹ̀wà nínú ìkòkò, ata dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgànyìn ni a ń pe àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tó wá ṣiṣẹ́ láàárín wa. Oúnjẹ wọn ti di tiwa. Àkàrà òun ẹ̀kọ wà, bọ̀ọ̀lì òun ẹ̀pà wà, mọ́ínmọ́ín wà nínú ewé. Tó bá di ọ̀sán, ó di bùkátérìà, níbi tí oníbàárà ti ń bẹ ìyá olóúnjẹ pé kó fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ló di orúkọ: "Mama Put".

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní 1986, Mr Bigg's dé, ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ mítì páì lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Indomie bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà. Lónìí, ẹ ò ní rìn jìnnà lóru kẹ́ ẹ tó rí ọmọkùnrin kan tó ń fi gáàsì se Indomie òun ẹyin, tí oníṣàwámà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn alákàrà pàápàá kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, wọ́n gbé e kọ́.

Mi ò bú Indomie o. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló ń dùn mí. Ẹ̀wà ni ẹran tálákà. Òun ló ń gbé alábàárù àti ọmọ iṣẹ́ ró títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná, iná sì ti di owó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, owó ọkọ̀ gbówó lé ọjà. Ní 2024, ẹ̀wà wọ́n débi pé àkàrà kéré sí i lójú wa. Indomie ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti jiná. Ikùn kún, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ló wọ inú ara.

Ẹ wo ti ewé náà. Abọ́ funfun fífúyẹ́ tí à ń pè ní "takeaway" gba ipò ewé, ó sì ń dí gọ́tà. Ní January 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè é. Nígbà tó di July 2025, òfin náà kan ife àti ṣíbí oníke tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù. Àwọn olóúnjẹ ń béèrè pé kí làwọn ó máa fi bu oúnjẹ. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa ń já lábẹ́ igi kòkó ńkọ́?

Ẹ lè ní kí ló kan Ìkọ̀lé kan Èkó. Ó kàn wá! Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ l'Ọ́yẹ̀ẹ́, tí apá kan rẹ̀ wà n'Íkọ̀lé, Indomie àti ṣàwámà ti dé ilé. Ìyá alákàrà ló ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára àwọn ará Bàhíà ní Brazil. Àkàrà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé débẹ̀ ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ní 2005, ìjọba kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2014 ń bọ̀, wọ́n fẹ́ yọ àwọn ìyá wọ̀nyí kúrò ní pápá Fonte Nova. Àwọn ìyá náà kò gbà. Wọ́n pariwo títí a fi jẹ́ kí wọ́n tà níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo bẹ̀ yín. Èkíní, ní àpéjọ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì ilé ìwé wa bọ́ wa, kí wọ́n fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín wa, ká sì san owó tó jọjú. Èkejì, ká yá wọn lówó díẹ̀ nígbà ìkórè, kí wọ́n ra ẹ̀wà lápò nígbà tí kò tíì wọ́n, kí wọ́n sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jẹ àwìn lọ́wọ́ irú wọn rí. Ẹ jẹ́ ká san án fún wọn báyìí.