Ẹyẹ Etí Òkun àti Ìwà Ọmọ Awo



Ẹyẹ ni ó wà lórí òsùn tí babaláwo ń gbé rìn. Ẹyẹ ni ó wà lórí adé ọba pẹ̀lú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ àjèjì sí ọmọ awo.

Ní etí òkun Àgbádárìgì, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifá mélòó kan rí ẹyẹ òkun kan lórí iyanrìn. Funfun ni ara rẹ̀, dúdú ni àtàrí rẹ̀, àgógó rẹ̀ pọ́n bí epo. Irú rẹ̀ a máa yé ẹyin ní àwọn erékùṣù Mauritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gàl. Kò lè fò. Ọ̀kan nínú wa ní ẹyẹ àjẹ́ ni, kí a sọ ọ́ lókò. Apẹja àgbàlagbà kan sì wí pé: “Ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi.” Okùn ọ̀rá tí a fi ń so ìwọ̀ ti wé mọ́ ọn lápá, ó ti gé ẹran kan eegun.

A fi aṣọ bò ó lójú kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. A gé okùn náà díẹ̀díẹ̀, a kò fà á. A gbé ẹyẹ náà sínú páálí tí a dá ihò sí, a kò da omi sí i lẹ́nu, a sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Àjẹ́ kọ́ ni ó pa á. Okùn tí ènìyàn jù nù ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí a tó bi ẹyẹ léèrè ohun tí ó wá sọ fún wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹbọ wa. Ọ̀rá àti ike tí a fi ń gbé ẹbọ lọ fún Olókun a máa ṣẹ́kù sí etí omi. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn olórìṣà kan ti ń rọ ara wọn pé kí wọ́n fi ohun tí ó lè jẹrà nìkan rúbọ. Àwa tí a ní ewé eéran àti igbá kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Bí a bá ń lọ sí etí òkun lọ́la, kí ẹbọ wà nínú ewé, kí oníkálukú sì kó ọ̀rá rẹ̀ padà wálé. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ!