Odidi Ọ̀rọ̀ Ni Kí A Sọ: Bí A Ṣe Lè Lo Wọ́kì-tọ́kì Lẹ́nu Iṣẹ́ Láìséwu

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí wọ́kì-tọ́kì, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ni kò mọ bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnì kan sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín wa. Ọmọ ẹnìkan ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Samaru, àbúrò ẹnìkan ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, òmíràn wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, òmíràn ń ṣọ́ ọjà lóru ní Sábó. Gbogbo wọn ni wọ́kì-tọ́kì wà níbàádí wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni a kàn gbé e lé lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní bí a ṣe ń lò ó.

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ìlú yìí ń pè é ní oba-oba. Mo rò pé ara "over, over" tí àwọn sójà àti ọlọ́pàá máa ń wí ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí àkọ́bí mi kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, "ọba-ọba" ló pè é, ó sì bi mí pé ọba ìlú wo ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ọba kọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti inú rẹ̀ jáde lè lágbára bíi ti ọba: ó lè dá ẹ̀mí sí, ó sì lè pa á.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi. Ní àárín àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bójú tó omi. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan, páìpù ńlá kan bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. A ti omi pa láti òkè, níbi tí fáàfù wà, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì wọ inú kòtò láti tún páìpù náà ṣe. Ẹni tó ń ṣọ́ fáàfù wà ní nǹkan bíi kìlómítà méjì sí wa. Wọ́kì-tọ́kì nìkan ló so wá pọ̀, èmi ni mo sì mú tiwa lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà pè mí, ó bèèrè bóyá kí òun ṣí omi. Mo wo inú kòtò, mo rí i pé iṣẹ́ kò tíì parí. Hausa ni a jọ ń sọ, nítorí náà mo tẹ bọ́tìnì, mo sì yára dáhùn pé: "Kada ka buɗe." Ìyẹn ni pé, "Má ṣí i." Ó fèsì pé, "To, Ọ̀gá." Ọkàn mi balẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí omi fi dé. Àwọn méjì fò jáde. Páìpù gbá ẹnì kẹta mọ́ ògiri kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ ní ọ̀nà méjì. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí ó fi fẹ̀yìn tì ló ń tiro.

Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, mo búra pé mo ní kí ó má ṣí i. Òun náà búra pé òun gbọ́ "ka buɗe", ìyẹn "ṣí i". Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú wa ń purọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gé e lórí.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ FI Ń GÉ

Wọ́kì-tọ́kì kò dà bí tẹlifóònù. Lórí fóònù, àwa méjèèjì lè sọ̀rọ̀ kí a sì máa gbọ́ ara wa lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí wọ́kì-tọ́kì, bí o bá ń sọ, o kò gbọ́. Bí o bá ń gbọ́, o kò lè sọ. Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń yí i láti orí gbígbọ́ sí orí sísọ. Yíyí yẹn ń gba àsìkò díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ mìíràn wà lórí òkè tó ń gba ohùn náà kí ó tó tún un jù sí ọ̀nà jíjìn, ìyẹn náà ní láti kọ́kọ́ jí. Gbogbo rẹ̀ lè má tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sí àárín àsìkò yẹn ti sọnù nìyẹn.

Ẹ wá wo èdè mẹ́ta tí a ń sọ ní Zaria. Ní Yorùbá, "Má ṣí i." Ní Hausa, "Kada ka buɗe." Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Don't open." Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ tó ń kọ̀ ni ó ṣíwájú. Bí ẹ̀rọ bá gé orí rẹ̀, ohun tó kù ni "ṣí i", "ka buɗe", "open". Ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ti di ohun tí a pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe.

Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òtítọ́ ni, nígbà tí a bá jókòó tí a ń wo ojú ara wa. Ṣùgbọ́n wọ́kì-tọ́kì kò ní ojú. Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú rẹ̀, àbọ̀ náà ni yóò fi jíṣẹ́.

KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ÀÌMỌ̀WÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, tó jẹ́ ti Spain, ọkọ̀ òfurufú Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM láti Netherlands, èkejì jẹ́ ti Pan Am láti Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé ọkọ̀ kan kò rí èkejì, ẹni tó ń darí wọn kò sì rí ìkankan. Rédíò nìkan ni ojú wọn.

Ọkọ̀ KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra láìgba àṣẹ. Wọ́n sọ lórí rédíò pé àwọn ti wà lẹ́nu gbígbéra. Olùdarí dáhùn pé "OK", ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n dúró de òun. Ní àsìkò kan náà ni àwọn Pan Am tẹ bọ́tìnì tiwọn láti kígbe pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjì pàdé lórí ìkànnì kan, wọ́n sì di ariwo híhan kan ṣoṣo. "OK" nìkan ló dún ketekete létí àwọn KLM. Ènìyàn 583 ló kú. 61 péré ló yè.

Ohun púpọ̀ ló para pọ̀ fa ìjàǹbá yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gé wà lára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú òfin ọ̀rọ̀ sísọ le sí i káàkiri àgbáyé. "OK" lásán kò tó èsì mọ́: awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ tí wọ́n fún un wí, kí olùdarí lè gbọ́ bí ó ṣe yé e. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí gbígbéra kì í sì jáde lẹ́nu olùdarí àfi nígbà tó bá ń fún ni láṣẹ láti gbéra, tàbí tó bá ń gba àṣẹ náà padà. Irú ẹ̀kọ́ báyìí ni wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ àti olùdarí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria wa níbí ní ọdún 1964. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀kọ́ náà kọjá odi ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa tó ń ṣọ́ ọjà.

BÍ A ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Èkíní, gbọ́ ná kí o tó sọ. Bí ẹlòmíràn bá wà lórí ìkànnì, jẹ́ kí ó parí.

Èkejì, tẹ bọ́tìnì, dúró bí ẹni mí lẹ́ẹ̀kan, kí o tó la ẹnu. Má sì ju bọ́tìnì sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán.

Ẹ̀kẹta, orúkọ ẹni tí ò ń pè ni kí o kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà tìrẹ. Bí ohunkóhun bá gé lórí, ó sàn kí ó jẹ́ orúkọ ju kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí o rán.

Ẹ̀kẹrin, yẹra fún "má". Dípò "Má ṣí i", sọ pé "Jẹ́ kí ó wà ní títì." Dípò "Má bọ̀", sọ pé "Dúró níbi tí o wà." Bí orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ gé, ìyókù kò ní yí padà di òdìkejì rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ tún un sọ. Ibí yìí ni àṣà wa ti ń dí wa lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ọmọ-iṣẹ́, yóò ní "Ó dáa sà", nítorí ó rò pé àfojúdi ni kí òun ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé àtúnsọ ni ọ̀wọ̀ níbí. Ká ní mo bi ọkùnrin ọjọ́ yẹn pé "Kí ni mo wí?", ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì bá tí ṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, gé ìkíni kúrú. "Ẹ kúuṣẹ́ sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́" dára ní ojúde. Lórí ìkànnì tí ènìyàn mẹ́wàá jọ ń lò, ẹni tí olè wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè máa dúró kí o kí ènìyàn tán.

ÈWU TÓ WÀ LÁRA Ẹ̀RỌ

Gbé e dúró ṣánṣán, kí ó jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, má sì jẹ́ kí àǹténà kan ojú tàbí awọ ara. Àǹténà tó bá ti bó lè jó ènìyàn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Má fi bátìrì sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́. Irin lè so ẹnu rẹ̀ pọ̀ kí ó sì gbóná.

Níbi tí epo bẹntiróò tàbí gáàsì bá wà, wọ́kì-tọ́kì lásán lè ṣáná. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ ni kí a lò, a kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bátìrì níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi ohun abúgbàù fọ́ òkúta, bí ẹ bá rí àmì pé kí a pa rédíò, ẹ pa á. Ìgbì rẹ̀ lè wọ inú wáyà tí a so mọ́ ohun abúgbàù náà, kí ó sì tan án lójijì. Ẹni tó ń wakọ̀, kí ó dúró kí ó tó dáhùn.

ÒFIN ÀTI ÀṢÍRÍ

Ìkànnì kì í ṣe ilẹ̀ àìlólúwa. Àjọ NCC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, wà lára àwọn tí òfin gbé ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tó ra wọ́kì-tọ́kì, kí ó gba ìwé àṣẹ. Èyí tí a kàn rà lọ́jà lè wà lórí ìkànnì ẹlòmíràn, kí ó sì máa dí àwọn tó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ẹni tí a kò rí lè máa gbọ́. Má dárúkọ ẹni tó gbé owó, má sọ ọ̀nà tí ọ̀gá yóò gbà tàbí àkókò tí ẹ̀ṣọ́ yóò kúrò. Ní Kaduna tiwa yìí, a mọ ohun tí àwọn ajínigbé lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nígbà tí GSM dé ní 2001, ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́kì-tọ́kì ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní apá kan ìpínlẹ̀ wa nítorí àwọn agbébọn, a rí i pé fóònù lè dákẹ́ lójijì. Ẹni tó bá ní wọ́kì-tọ́kì tí kò sì mọ̀ ọ́n lò, ohun ìṣeré ló ní.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí mo lọ wo ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan: "Ta ló ní kí wọ́n ṣí omi?" N kò lè dáhùn. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣí i, mo sì mọ̀ pé ohùn mi ni ó gbọ́ kí ó tó ṣí i. Òní yìí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba.

Bí ẹ bá délé, ẹ pe ọmọ yín tó ń lo ẹ̀rọ yìí. Ẹ ní kí ó tẹ bọ́tìnì, kí ó mí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sọ odidi ọ̀rọ̀, kí ó sì dúró kí wọ́n tún un sọ fún un. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí.