Ẹ tún irin ṣe kí ẹ tó fi nǹkan kún un

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ilẹ̀ Dagenham yìí mọ irin dáadáa. Ní 1931 ni ilé-iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ níbí, létí odò Thames. Ní 1934, wọ́n tanná sí ìléru tiwọn. Láti 2002 ni wọn ò ti to ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́, àmọ́ iṣẹ́ irin ò parẹ́ láyé. Ọwọ́ yín ló kàn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ: ẹ má da ohun iyebíye sínú irin tí ẹ ò tíì tún ṣe.

Irin yíyọ́ tó wà nínú garawa ńlá tí a fi ń gbé e gbóná tó nǹkan bí 1,600°C, ọ́síjìn sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da titanium sí i nígbà náà, ọ́síjìn á gbé e mì, á di ìdàrọ́, owó á sì wọgbó. Ìdí nìyẹn tí aluminium fi ń ṣáájú, kó lè gba ọ́síjìn kúrò lọ́nà. Aluminium náà fúyẹ́. Bí ẹ bá jù ú sórí ìdàrọ́ tó bo ojú irin, ibẹ̀ ni yóò jóná sí. Ẹ jẹ́ kí gáàsì argon tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé la ìdàrọ́ díẹ̀, kí ẹ sì jù ú síbi tó là náà. Calcium ní tirẹ̀ ń hó ní 1,484°C, nítorí náà inú wáyà ni a ń dì í sí, tí a ó tì í wọnú irin lọ jìnnà.

Àmàlà tí a kò rò dáadáa á ní kókó. Irin tí argon kò rò pọ̀ dáadáa, ibì kan á le, ibì kan á rọ̀. Síbẹ̀, bí argon bá le jù, ojú irin á ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ á sì dá ọ́síjìn tí ẹ ti lé jáde padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu díẹ̀ nínú irin náà lọ fún àyẹ̀wò. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀gá á ní kí ẹ ṣe kíá, pé àwọn tó ń da irin ń dúró. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ dúró de èsì. Irin yẹn lè di ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí aláboyún máa wọ̀.

Iná ò ní jó yín. Irin ò ní ṣe yín léṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní kó ìtìjú bá ẹni tó bí yín.